Bọ́ọ̀lù Ìlú Tí A Ti Ń Jẹun

  

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ló máa gba ife lọ́dún yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóyá Arsenal dáa ju Chelsea lọ. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ rò ni pé, bọ́ọ̀lù tí a fẹ́ràn tó báyìí, kí ló ń ṣe fún wa lójoojúmọ́, àwa tí a kúrò nílé wá ṣòwò nílùú onílùú? Kí ló ń gbà lọ́wọ́ wa, kí ló sì ń fún wa? Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èrò tèmi kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mò ń lọ: bọ́ọ̀lù tó yẹ kó sún mọ́ wa jù lọ ni bọ́ọ̀lù ìlú tí a ti ń jẹun, tí a ti ń bímọ. Òun gan-an la sì pa tì jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí bọ́ọ̀lù jẹ́, kó wá sí ìlà wa láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ike ni mo ń tà: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kẹ́ẹ̀gì, àga oníke. Ọmọ Ìgbò ni ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, Tápà ni ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì, ọmọ Kánò gidi ni Àlájì tó ń ta aṣọ ìbora níwájú mi. A ò tíì kí ara wa tán tí ẹnì kan á fi bèèrè pé báwo ni àná ṣe rí. Ẹni tí kíláàbù rẹ̀ fìdí rẹmi á máa ṣe bí ẹni tó ń ka owó, kò ní gbójú sókè. Ẹni tí tirẹ̀ borí ni á ra ṣáì fún gbogbo ìlà. Àwọn kọ́sítómà pàápàá mọ̀. Obìnrin kan wà tó máa ń ti Bichi wá ra ọjà, tó bá fẹ́ kí n dín owó kù, á kọ́kọ́ bi mí pé ṣé kíláàbù mi borí. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ̀ pé ọwọ́ mi á rọ̀.

Èmi àti Àlájì yìí ti jọ ń tajà fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Barcelona ni tirẹ̀. Haúsá tí mo gbọ́ yìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló kọ́ mi ní ìdajì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bímọ nílé rẹ̀, mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí mo lọ sin ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló bá mi mójú tó ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kọ́bọ̀ kan ò dín. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé níbo ni irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe inú mọ́ṣáláṣí, kì í ṣe ìpàdé òṣèlú. Ìbéèrè kan náà ni: “Àlájì, ṣé ẹ wo bọ́ọ̀lù lánàá?”

Àwa àlejò mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ wà tí a kì í sáré dá sí nílùú onílùú. Òṣèlú, a máa ń rọra. Ẹ̀sìn, a máa ń ṣọ́ ẹnu. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù nìkan ni ọ̀rọ̀ tí àlejò lè bá onílé jiyàn lé lórí, kó pariwo, kó na ọwọ́ sí i, kí wọ́n sì tún jọ rẹ́rìn-ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Nǹkan ńlá nìyẹn o. Ẹni tó bá ti gbé òkè Ọya rí, tó ti rí ọjọ́ tí ìlú gbóná, mọ̀ pé ẹni tó mọ orúkọ rẹ, tó ti bá ọ rẹ́rìn-ín rí, ló máa sọ fún ọ pé má jáde lọ́la.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Ká ní ₦300 lẹnì kan ń san ní viewing center fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, tó sì ń wo mẹ́ta lọ́sẹ̀. ₦900 nìyẹn lọ́sẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni kíláàbù kan ń gbá ní líìgì òyìnbó lọ́dún. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ 38 ṣírò rẹ̀, ₦34,200 ni. A ò tíì ka owó mọ́tò, a ò tíì ka ẹran sísun àti ohun mímu, a ò tíì ka jẹ́sì tuntun tí àwọn ọmọ á sunkún lé lórí nígbà tí sáà bá yí. Ẹni tó ń wò ó nílé náà ń sanwó tẹlifíṣàn lóṣooṣù, ó sì ń ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ torí wọ́n lè mú iná lọ nígbàkigbà. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má gbádùn ara rẹ̀. Èèyàn tó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ yẹ lẹ́ni tó ń sinmi. Mo kàn ní ká mọ iye tí ìsinmi náà ń jẹ ni.

Tẹ́tẹ́ wá ńkọ́? Ẹ gbọ́ o, tẹ́tẹ́ kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ wa ti so méjèèjì pọ̀ débi pé wọn ò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Ọmọ iṣẹ́ kan wà ní ìlà wa, ọmọ tó gbọ́n, tó lẹ́nu ọjà. Ọjọ́ Sátidé kan ló kó ₦45,000 owó ọ̀gá rẹ̀ lé kíláàbù mẹ́fà tí kò mọ ìlú tí wọ́n wà. Márùn-ún borí, ọ̀kan ta ọ̀mì. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí ọmọ yẹn ti lò lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá a lọ. Ẹ wá wò ó: ọmọ yẹn ò gbádùn góòlù kankan ní gbogbo ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ló fi wo gbogbo rẹ̀. Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lè pàdánù kó sì sùn. Ẹni tó ta tẹ́tẹ́ ò ní sùn.

Ará náà ń jẹ nínú rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí Super Eagles pàdé South Africa nínú ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Côte d'Ivoire, ayò parí sí 1-1, Nàìjíríà sì borí ní pẹnáritì 4-2. Lọ́jọ́ kejì la gbọ́ ìròyìn pé àwọn kan ṣubú lulẹ̀ nídìí tẹlifíṣàn, wọn ò sì dìde mọ́. A tiẹ̀ borí o! Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí wọ́n ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ wa ń ru, ẹ jẹ́ ká rántí gbé oògùn wa mì ká tó jókòó. Tó bá sì di pẹnáritì, ẹ jáde síta. Ariwo àdúgbò á sọ èsì rẹ̀ fún yín.

Ó yá, ta ni à ń náwó náà fún, ta ni à ń fara wa wewu fún? Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, àwọn kíláàbù ìlú òyìnbó ni. Mi ò bínú sí wọn. A mọ bí wọ́n ṣe wọlé sí wa lọ́kàn. Celestine Babayaro, tí wọ́n bí ní Kàdúná níbí, lọ sí Chelsea ní 1997. Kanu Nwankwo lọ sí Arsenal ní 1999. Ọmọ wa ló lọ, àwa náà bá a lọ. Arsenal wá gba líìgì ní 2004 láìpàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo nínú 38, Kanu sì wà níbẹ̀. Ta ló lè rí ìyẹn kó má fẹ́ràn wọn? Ṣùgbọ́n Kanu ti kúrò níbẹ̀ látọdún 2004, Babayaro kúrò ní Chelsea ní 2005. Àwọn tí a tẹ̀ lé ti padà wálé tipẹ́, àwa la ṣì wà níbẹ̀ tí à ń pariwo. Kíláàbù yẹn ò mọ̀ wá. Tó bá borí, ọjà wa ò tà sí i. Tó bá fìdí rẹmi, kò sẹ́ni tó máa ti London wá tù wá nínú.

Tẹ́lẹ̀ kọ́ la rí báyìí. Àwa tí a dàgbà sílé nígbà náà, rédíò la fi wo bọ́ọ̀lù. Ẹ má bínú pé mo ní “wo,” torí pé a rí i lóòótọ́. Ẹnu Ernest Okonkwo ló fi ń yàwòrán rẹ̀ fún wa. Òun náà ló sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní “Mathematical.” Ọdún 1976 ni Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí à ń pè ní IICC nígbà náà, na Tonnerre ti Yaoundé, tí wọ́n sì di kíláàbù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Mo kéré púpọ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n títí mo fi dàgbà ni bàbá mi ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé àná ni. “Up Sooting!” Ẹni tí kò gbọ́ èdè òyìnbó kan náà mọ ìyẹn pè. Ní 1992, wọ́n tún gba ife CAF ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà yẹn mo ti wà ní Kánò, àwa ọmọ Yorùbá pa ṣọ́ọ̀bù dé kí ọjà tó tú, a sì jó yí àdúgbò po.

Àwọn ọmọ mi ò mọ ìkankan nínú èyí. Àkọ́bí mi lè ka orúkọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool látorí aṣọ́lé dé orí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ bi í pé ta ni Múdà Lawal, á ní olóṣèlú ni.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí tí mo dárúkọ yìí, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbo ló ti dàgbà? Jọ́ọ̀sì ni. Orí pápá oníyanrìn Jọ́ọ̀sì, láàárín àwọn ọmọ ìran oríṣiríṣi, ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, 22 oṣù kẹta ọdún 1980 ní Èkó, góòlù mẹ́ta la jẹ Algeria, òun ló jẹ méjì nínú rẹ̀, Múdà Lawal jẹ ìkẹta. Ràṣídì Yẹkíní ńkọ́? Orírun rẹ̀ wà ní Kwárà, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún UNTL, ilé iṣẹ́ aṣọ, kó tó lọ sí 3SC. Òun ló jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú World Cup, 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, lọ́jọ́ tí a na Bulgaria 3-0 ní Amẹ́ríkà. Gbogbo wa la rí i bó ṣe di àwọ̀n mú tó ń sunkún. Góòlù 37 ló jẹ fún Nàìjíríà kó tó fẹ̀yìn tì, kó tó di pé ikú mú un lọ ní 2012. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Ọmọ àlejò ni àwọn méjèèjì yìí o, ọmọ àwọn tó jáde nílé wá wá oúnjẹ lókè Ọya, bí èmi àti ẹ̀yin. Ẹnì kan ní Jọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ fún ọmọ Ọdẹ́gbàmí pé “wá bá wa gbá a.” Ẹnì kan ní Kàdúná ló kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù sí Yẹkíní. Wọn ò bèèrè ìlú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í sì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan. Ahmed Musa, Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Kano Pillars ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ ní sáà 2009/2010. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ló jẹ góòlù méjì tí a fi na Iceland nínú World Cup ní Rọ́ṣíà.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tí ojú àwọn ọmọ wa ń rí. Ọmọ tí a bí sí Sábóńgàrì, tó ń sọ Haúsá bí ẹni ń mu omi, tó bá lọ gba ìwé ọmọ onílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́, wọ́n á ní kó lọ gbà á nílùú bàbá rẹ̀. Tó bá dé ìlú bàbá rẹ̀, tó la ẹnu sọ Yorùbá tiwa ti òkè Ọya, wọ́n á ní “ọmọ Haúsá dé.” Níbí, àlejò. Nílé, àlejò. Ẹ sọ fún mi, níbo ni ọmọ náà ti jẹ́ ọmọ onílé? Mo ti wò ó títí, ibi tí mo rí kò pọ̀. Orí pápá wà lára wọn. Lórí pápá, ẹsẹ̀ rẹ ni ìwé rẹ. Tó o bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, wọ́n á pè ọ́ lórúkọ. Tó o bá jẹ góòlù, wọ́n á gbé ọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìkan. Bukayo Saka tí àwọn ọmọ wa ń wọ jẹ́sì rẹ̀ kiri, ọmọ Yorùbá ni, London ni wọ́n bí i sí. Àwọn òbí rẹ̀ ṣe níbẹ̀ ohun tí a ṣe níbí: wọ́n jáde nílé, wọ́n lọ wá iṣẹ́ ajé. Nínú oṣù keje ọdún 2021, òun ló gbá pẹnáritì tó gbẹ̀yìn fún England lọ́wọ́ Italy ní àṣekágbá, kò sì wọlé. Ẹ rántí èébú tí àwọn kan bú u nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ èèyàn England dìde gbè é, wọ́n ní ọmọ àwọn ni. Bó ṣe ń rí fún ọmọ àlejò níbi gbogbo nìyẹn. Ọjọ́ tó dáa, ọmọ gbogbo wa ni. Ọjọ́ tí kò dáa, àwọn kan á rántí ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Àwọn tó máa gbè é lọ́jọ́ náà ni àwọn tí wọ́n ti jọ wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká ti wà pẹ̀lú wọn kí ọjọ́ náà tó dé.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ̀ẹ́ ní líìgì Nàìjíríà ò dáa. Pápá gbẹ, rẹfirí ń gbè sẹ́yìn onílé, àwọn tó ń gbá a kì í rí owó oṣù wọn gbà lásìkò. Ẹ ò purọ́. Ṣùgbọ́n ọjà tí a pa tì, báwo ló ṣe fẹ́ dáa? Tí gbogbo wa bá ń ra ike ìlú òyìnbó, ṣé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Kánò ò ní kógbá sílé? Ìṣẹ̀lẹ̀ ìgbésókè ìgbéwálẹ̀ ni bọ́ọ̀lù jẹ́. 3SC tiwa náà já lulẹ̀ rí, ó gòkè padà ní 2021. Pillars gba líìgì ní 2008, ó gbà á tẹ̀ léra ní 2012, 2013 àti 2014, ó wá já lulẹ̀ ní 2022, ó sì gòkè padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ nígbà tó já ló mọ bí ìgòkè ṣe ń dùn.

Ẹ̀ẹ́ tún ní wàhálà wà níbẹ̀. Èyí gan-an le, mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 2025, Kano Pillars àti 3SC ló pàdé ní pápá Sani Abacha tó wà ní Kofar Mata. Ọ̀mì 1-1 ni wọ́n ta. Nígbà tí ó parí, àwọn kan ya wọ pápá, wọ́n ń lé àwọn àlejò kiri. Àjọ líìgì bu owó ìtanràn lé Pillars, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ máa gbá ti ilé wọn ní Katsina. Ọ̀pọ̀ nínú wa sọ lọ́jọ́ náà pé, “Ẹ ò rí i? Kò kàn wá, ẹ jẹ́ ká jókòó sílé.” Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ya wọ pápá kì í ṣe gbogbo Kánò. Àlájì tó wà níwájú mi bínú ju èmi lọ, torí kíláàbù ìlú rẹ̀ ni wọ́n bà jẹ́. Tó bá jẹ́ pé àwọn tó gbóná nìkan ló ń lọ sí pápá, àwọn tó gbóná nìkan ni yóò máa darí rẹ̀. Ibi tí bàbá àti ọmọ bá jókòó sí, tí àwọn àgbà ọjà bá jókòó sí, ó ṣòro kí wọ́n ju òkúta níbẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ fi ẹ̀mí wewu o. Tí ìlú bá gbóná, ẹ jókòó sílé. Tó bá jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ìjà ń rùn lára rẹ̀, ẹ fi rédíò gbọ́ ọ. Àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tutù pọ̀ láàárín sáà. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbi ìyẹn.

Tí 3SC bá wá wá ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ta la ó wà? Ìbéèrè yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ìpàdé ọmọ ìlú. Àwọn kan ní ẹni tí kò bá ti 3SC lẹ́yìn ti gbàgbé orísun rẹ̀. Àwọn míì ní ẹni tó ń jẹun Kánò ò gbọdọ̀ tako Kánò. Èmi ò rí ìjà níbẹ̀. Obìnrin tó lọ sílé ọkọ ò kọ ilé bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n bá pàdé, ẹ pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ọkàn yín bá fẹ́, kẹ́ ẹ ṣe é pẹ̀lú ọgbọ́n. Ní gbogbo ọjọ́ yòókù nínú ọdún, kí ló ní kẹ́ ẹ má pariwo fún Pillars? Ẹni tó wà ní Jọ́ọ̀sì, Plateau United wà níbẹ̀, wọ́n gba líìgì ní 2017. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí a wà ló ní tirẹ̀. Tí kò bá ní kíláàbù ńlá, ó ní ìdíje àdúgbò, àwọn ọmọ yín sì lè wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Èkínní, tẹ́ ẹ bá ń san owó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ti òyìnbó lọ́sẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan nínú rẹ̀, ẹ fi san ti ìlú yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ mú ọmọ yín dání, ọkùnrin àti obìnrin. Ìkejì, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó ń ná owó ńlá sórí aṣọ ẹbí àti àga ìjókòó lọ́dọọdún, ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ ra bọ́ọ̀lù àti jẹ́sì fún àwọn ọmọ àdúgbò, kẹ́ ẹ má sì ṣe é fún ọmọ Yorùbá nìkan. Ìkẹta, ẹ sọ ìtàn fún àwọn ọmọ. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ àlejò Kàdúná ló jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún wa nínú World Cup, kí ọmọ tó wà ní Kàdúná lónìí mọ̀ pé ilẹ̀ tó ń tẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ irú tirẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ rí. Ìkẹrin, ẹ lé tẹ́tẹ́ jáde nínú ilé yín. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ tó ń wo bọ́ọ̀lù tí kò yọ̀, tí ojú rẹ̀ kàn ń lọ sórí fóònù, ẹ pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ní pápá Kánò, ariwo tí wọ́n máa ń pa fún Pillars ni “Sai Masu Gida.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Haúsá mọ ìtumọ̀ rẹ̀: àfi àwọn onílé. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ariwo yẹn kò kan irú wa. Àmọ́ mo mọ ọmọkùnrin kan ní Sábóńgàrì, bàbá rẹ̀ wá láti Ọ̀fà, ìyá rẹ̀ láti Ìkìrun, kò tíì sùn lẹ́yìn odi Kánò rí ju ìgbà mẹ́ta lọ. Tí ó bá dúró láàárín èrò, tó na ọwọ́ sókè tó ń pariwo “Sai Masu Gida,” kò sẹ́ni tó ń yíjú wò ó pé kí ló ń wí. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bá a gbè é. Ọmọ yẹn ò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó pe ara rẹ̀ ní onílé. Àwa tí a bí wọn, ẹ jẹ́ ká bá wọn gbè é.